Ẹ̀gún Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Táyà Ìyá Judith

Kí wọ́n tó fi ilẹ̀ bò mí, ó yẹ kí n tú ohun tí mo bò mọ́lẹ̀ síta. Morìnsọ́lá, ìyàwó mi, ti kú. Òun ni mo ṣẹ̀.

Láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti wọ́n ni ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri láti Ìjù-Odò. Èmi ni mo ń bá a lẹ táyà bí ó bá lu. A ó fa tíúbù jáde, a ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi kí a lè rí ibi tó ti ń hó, a ó sì lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a padà, a gbọ́dọ̀ fọwọ́ pa inú táyà yíká, torí ẹ̀gún tó lu tíúbù lè ṣì wà níbẹ̀.

Judith, ọmọ wa kan ṣoṣo, fẹ́ fẹ́ Mùhámádù ní Ìrẹ̀lẹ̀. Mo ní ọmọ ìjọ wa kò ní fẹ́ mùsùlùmí. Ìyá rẹ̀ ní, “Bàbá Judith, ẹ jókòó sílé bó bá wù yín. Èmi á lọ súre fọ́mọ mi kí wọ́n tó so yìgì.” Àárọ̀ ọjọ́ náà, táyà ẹ̀yìn ti lu. Mo lẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń fọwọ́ pa inú rẹ̀, ẹ̀gún ọ̀pẹ gún mi ní ìka. Ìkà ni mí: mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ìyàwó mi béèrè pé, “Ṣé ẹ ti fọwọ́ pa á?” Mo ní, “Mo ti fọwọ́ pa á yíká.” Ẹnu mi kò purọ́, ọkàn mi ló pa á. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọkọ mi, fọkanáísà! Inú ń bí yín, ẹ ṣì ń lẹ táyà fún mi.”

Mo rò pé bó bá jò lọ́nà, yóò padà. Táyà náà jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò padà. Kò rí ọ̀kadà, ó sì ti kẹ̀kẹ́ náà dé Ìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n ti so yìgì tán, èrò ti tú ká.

Èyí tó burú jù ni pé nígbà tó délé, mo yọ ẹ̀gún náà nínú táyà níṣojú rẹ̀, mo sì gbé e sókè. “O ò rí i? O kì í wojú ọ̀nà!” Ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ti ṣe tiyín. Èmi ni mo já ọmọ mi kulẹ̀.” Mo wò ó lórí ìkúnlẹ̀, mo sì jẹ́ kó gbà pé òun ló jẹ̀bi. Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni Judith ti sọ fún mi pé, “Bàbá, títí màámi fi kú ni wọ́n ń bẹ̀ mí nítorí ẹ̀gún ọ̀nà yẹn.”

Judith, kì í ṣe ẹ̀gún ọ̀nà. Èmi ni. Ìyá rẹ kò ṣẹ̀ ọ́ rárá. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Wá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n má ṣe gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Fi ọwọ́ ara rẹ pa inú táyà náà yíká.