Ìbọn Tó Ń Bẹ̀rù Ìrì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ẹ wá jókòó tì mí níbí, ẹní yìí gba gbogbo wa. Ìwọ Bọ́lánlé, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára àbúrò rẹ. Ẹni tó bá jìnnà sí mi, bí mo bá ń pín ẹ̀pà, ọwọ́ mi kò ní tó o o. Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo rí yín lánàá níbi ìgbéyàwó àǹtí yín Mofẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó bu omi sẹ́nu, kó má gbé e mì, tí ìyá ìyàwó wá dìde, tó ń ka àbùkù ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé, "Mofẹ́ mi yìí, bó bá gbé ọbẹ̀ kaná tí fóònù rẹ̀ bá dún, ẹ yáa gbàgbé ọbẹ̀," ẹ rí bí omi ṣe tú jáde lẹ́nu ọkọ, tó lọ bà lé agbádá bàbá rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń bi èkejì pé, "Ṣé eré ni wọ́n ń ṣe ni?" Kì í ṣe eré o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá fún yín. Ẹnu ìyá ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bí i.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí agboolé wa yìí kò tíì ju ilé kan ṣoṣo lọ nínú igbó, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ojúọlápé. Òun ni ìyá ńlá gbogbo wa. Ìkòkò ló ń mọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ obìnrin kan ṣoṣo ló ní, ó ṣì ń pọ̀n ọ́n. Ó wá tẹ̀dó sétí odò nítorí amọ̀ ibẹ̀ dára, amọ̀ dúdú tó ń fà. Láàárọ̀ a wa amọ̀, lọ́sàn-án a tẹ amọ̀, nírọ̀lẹ́ a mọ ìkòkò. Láàárọ̀ a wa amọ̀, lọ́sàn-án a tẹ amọ̀, nírọ̀lẹ́ a mọ ìkòkò. Òun nìkan ló kọ́ ilé rẹ̀. Ògiri ti dúró, ṣùgbọ́n òrùlé kò sí. Imọ̀ ọ̀pẹ ló fi bo igun kan tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn sí, òjò sì ti ń ṣú bọ̀. Ẹ fi ti òrùlé yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Lókè odò, ọdẹ kan ń gbé níbẹ̀, Ọdẹ́rìndé lorúkọ rẹ̀. Nísàlẹ̀ odò, ahunṣọ kan ń gbé níbẹ̀, Láwọyin lorúkọ rẹ̀. Ilé Ojúọlápé ló wà láàárín. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí, ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n jọ ń ṣe àáró: lónìí gbogbo ilé Láwọyin á lọ ro oko Ọdẹ́rìndé, lọ́la gbogbo ilé Ọdẹ́rìndé á wá ro ti Láwọyin. Bí ọ̀kan bá jẹun, èkejì ni yóò nu ẹnu. Ọ̀rẹ́ tó dùn bẹ́ẹ̀!

Ó wá di ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kan fún Láwọyin, Láwọyin náà sì fa abo ewúrẹ́ kan lé e lọ́wọ́. Láwọyin ní ọ̀bọ ń jẹ òun lágbàdo. Ọdẹ́rìndé ní òun fẹ́ ohun tí yóò máa bímọ nílé, nítorí ẹran ìgbẹ́ kì í bímọ sí àgbàlá ẹni. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó parí.

Kò parí o! Oṣù kan kò tíì pé, Ọdẹ́rìndé kò yà sílé Láwọyin mọ́. Láwọyin náà kò gba ọ̀nà òkè odò mọ́. Ọjọ́ àáró pé, ẹnikẹ́ni ò lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan á ya sínú igbó bí ẹni tó fẹ́ já ewé. Ni àwọn ará ilé bá gbé e: "Wọ́n ti rẹ́ bàálé wa jẹ! Ẹ ò rí i pé inú ń bí i?" Ilé òkè ń sọ ọ́, ilé ìsàlẹ̀ ń sọ ọ́. Ilé òkè ní ìbọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ewúrẹ́. Ilé ìsàlẹ̀ ní irin kì í bímọ. Wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yanjú kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àwọn ó tú àáró ká, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba etí odò yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì mọ́ láéláé. Ẹ gbọ́, ọ̀rẹ́ ogójì ọdún! Àwọn àgbà wọn kò rí i parí, nítorí kálukú ń gbè sẹ́yìn tirẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá amọ̀kòkò tó wà láàárín. Kì í ṣe ẹbí wa, kì í ṣe ẹbí yín."

Bí wọ́n ṣe ya bo Ojúọlápé láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn: èèyàn mọ́kànlá, ìbọn kan, ewúrẹ́ kan. Ó wà nídìí iṣẹ́, amọ̀ mù ún dé orúnkún.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, ló kọ́kọ́ lanu: "Ìyá, ẹ gbà wá! Ìbọn tí ọkọ mi fi pa ẹfọ̀n, ewúrẹ́ ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ìgè, àbúrò Láwọyin, kò jẹ́ kó délẹ̀: "Ẹfọ̀n wo? Ẹfọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò jẹ níbẹ̀? Ìyá, ewúrẹ́ wa ń bí méjì méjì. Ẹ ní kí ìbọn wọn bí ẹyọ kan ká rí i!"

"Ẹnu rẹ gùn ju ìbọn lọ, Ìgè."

"Tiyín ló ń dún láìní ẹ̀tù!"

Nínú gbogbo ariwo yìí, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ni Ojúọlápé ń wò. Ọdẹ́rìndé ń wo ilẹ̀. Láwọyin ń wo ojú ọ̀run. Kò sí èyí tó sọ̀rọ̀. Ojúọlápé rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kì í wo ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀, ó ní ohun tó bò mọ́ ibẹ̀.

Ó nu ọwọ́, ó ní, "Mo ti gbọ́. Ẹjọ́ ìbọn wúwo, n kò lè dá a nínú ilé tí kò lórùlé, kí òjò má lọ pa ẹjọ́ mọ́ wa lára. Ẹ bá mi bo ilé ná."

Ẹ wò wọ́n! Àwọn tó wá jà, wọ́n di alágbàṣe. Ará òkè ń gé koríko bẹẹrẹ, ará ìsàlẹ̀ ń tò ó sórí igi, obìnrin ń lọ́ okùn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ìyá yín gbọ́n o.

Nígbà tí oòrùn mú, Ìgè bọ́ dàńṣíkí rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi, ó gun òrùlé. Kó tó wẹ̀yìn, ewúrẹ́ ti jẹ apá aṣọ náà kan tán. Ìgè figbe ta láti òkè: "Ewúrẹ́ burúkú, o tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Ojúọlápé gbójú sókè. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ kẹ̀? Ìgbà wo ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?"

Ìgè lóṣòó sórí òrùlé bí àkùkọ tí òjò pa.

Gbogbo wọn sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrì bo gbogbo koríko, àparò kan ń ké lẹ́bàá odò. Ojúọlápé ní, "Láwọyin, bá wa yin àparò yẹn, ká fi jẹun àárọ̀." Láwọyin ki ẹ̀tù, ó fojú sùn ún, ó fà á. Kẹ́! Ó tún fà á. Kẹ́! Àparò yíjú wò ó, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Àwẹ̀ró kò mọ ìgbà tó sọ pé, "Kò lè dún báyìí, àfi bí oòrùn bá yọ!" Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti fọ́.

"Ẹ ṣé, ìyàwó ọdẹ," ni Ojúọlápé wí. "Ẹ bá wa gbé ẹ̀wà kaná."

Lọ́jọ́ kẹta, òrùlé parí. Ojúọlápé pe àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jókòó sábẹ́ rẹ̀, àwọn ará ilé wọn dúró yí wọn ká. Àwọn tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìjẹta, wọ́n wá lanu lẹ́ẹ̀kan náà. Ni Ojúọlápé bá bu omi sínú àwo amọ̀ kan, ó gbé e fún Láwọyin.

"Gbé eléyìí sẹ́nu. Bí ọ̀rẹ́ rẹ kò bá tíì sọ̀rọ̀ tán tí omi yìí fi kúrò níbẹ̀, o ti jẹ̀bi. Ọdẹ́rìndé, n kò bi ọ́ ní ohun tí o gbà. Ohun tí o fi sílẹ̀ ni mò ń bi ọ́. Kí lo mọ̀ nípa ìbọn rẹ tí o kò sọ?"

Ọdẹ́rìndé yún orí. "Ìyá, ìbọn náà ń bẹ̀rù ìrì. Ìpẹtà ti jẹ ìdérí ibi tí à ń bu ẹ̀tù sí, òtútù ń wọ ibẹ̀. Òru àti ìdájí sì niṣẹ́ ọdẹ. Ẹfọ̀n tí Àwẹ̀ró ní mo pa yẹn, n kò pa á. Mo yìnbọn sí i, ìbọn ní kẹ́, ẹfọ̀n sì lé mi gun igi. Orí igi ni mo wà tí oòrùn fi yọ."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Láwọyin wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ni mo bá gbé e fún ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ wá jẹ gèlè Àwẹ̀ró, tó jẹ etí ẹní, tó jẹ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, tòun ti àpò rẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀. Mo ní, ta lèmi tí n ó pe ẹlòmíràn ní ẹlẹ́tàn? Ojú ń tì mí, ìyá. Inú ò bí mi rárá. Ojú ló ń tì mí."

Pùúù! Omi tú jáde lẹ́nu Láwọyin. Ó bà lé Ojúọlápé lójú, ó bà lé dàńṣíkí Ìgè tó ku apá kan.

"Mo jẹ̀bi! Ìyá, mo jẹ̀bi!" Láwọyin ń yí nílẹ̀. "Ó jẹ gbérí ọdẹ! Ọdẹ́rìndé, dákẹ́, n ó kú! Aṣọ márùn-ún ni ewúrẹ́ yẹn jẹ mọ́ mi lórí òfì, ìdí tí mo ṣe fà á fún ọ nìyẹn. Mo ní, ṣebí ọdẹ ò láṣọ! Nígbà tí ìbọn wá ń ké kẹ́, mo ní Ọlọ́run ló mú mi. Èmi náà ni mò ń ya sínú igbó, mo rò pé ìwọ ni inú ń bí!"

"Èmi náà rò pé ìwọ ni!"

Wọ́n dì mọ́ra wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìgè àti Àwẹ̀ró ń wo ara wọn bí ẹni tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ sọnù.

Ojúọlápé nu omi kúrò lójú, ó dá ẹjọ́. Ó ní, "Pàṣípààrọ̀ yín gún. Ọ̀sán ni ọ̀bọ ń wọ oko, ìbọn tó ń dún lọ́sàn-án tó Láwọyin. Ewúrẹ́ tó ń bí méjì méjì tó ọdẹ, bó bá so ó mọ́lẹ̀. Ọjà kò bà jẹ́, ẹnu tó fi ọjà sílẹ̀ ni kò pé. Láwọyin, ìwọ ni yóò hun gbérí tuntun fún un. Ọdẹ́rìndé, wá awọ ẹran, kí o fi ṣe ìdérí sí ìbọn náà. Ọ̀la ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àáró yín padà."

Ó ní, "Ó ku bí ẹ ṣe máa lọ!" Wọn ò lọ o. Òjò àkọ́rọ̀ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó rọ̀ bí ẹni ń da àgbá. Òrùlé tuntun kò jo, kódà ẹ̀kán kan. Wọ́n jẹ ẹ̀wà, wọ́n jẹ iṣu, wọ́n jẹ ohun gbogbo tó wà nílé opó náà.

Láti ọjọ́ yẹn, nínú ìdílé wa, ohun yòówù tí a bá ń fà fún ẹlòmíràn, ìbáà ṣe adìyẹ, ìbáà ṣe ọkadà, ìbáà ṣe ọmọ wa obìnrin, ẹnu wa la fi ń kọ́kọ́ sọ àbùkù rẹ̀, ẹni tó ń gbà á á sì fi omi sẹ́nu. Bó bá gbé omi mì, á jẹ́ pé ó fẹ́ lọ rò ó wò. Bí ẹ̀rín bá tú u jáde, ó ti gbà nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ń fà mí fún bàbá bàbá yín, ìyá mi ní, "Àmọ́pé mi yìí, bó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ lọ jẹun alẹ́ kí ẹ tó padà wá bá a lẹ́nu rẹ̀." Orí mi ni bàbá bàbá yín tú omi náà lé.

Ìdájí ọjọ́ kẹrin ni àwọn àlejò wọ̀nyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dìde láti lọ. Ìrì pọ̀, kùrukùru bo odò. Láwọyin ní òun ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Kẹ́! Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n jọ gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò lọ sí oko Láwọyin, ewúrẹ́ ń tẹ̀ lé wọn. Ojúọlápé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ẹ̀rín wọn títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ó wo ara rẹ̀: etí ìró rẹ̀ ti lọ, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i lọ́wọ́, ohun kan dún lókèèrè, gbòòòà!

Ó wo òkè. Oòrùn ti yọ.