Èmi Ni Mo Yí Ojú Sólà Reino Padà

Òótọ́ yìí gbọ́dọ̀ jáde kí èmi fúnra mi tó jáde láyé. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí n má gun òkè mọ́, kí n má sì máa bínú. Kò sọ pé kí n má rẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Èmi Lempi Harju, opó Urho, tí ẹ máa ń rí níjòókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí lápá òkè Michigan, èmi ni mo ń pa kámẹ́rà Reino. Onni Salmela tí ẹ lé kúrò ní àgọ́ ọdẹ nítorí rẹ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Ẹ mọ Reino, àbúrò ọkọ mi. Ẹ sì mọ fóònù rẹ̀. Ó so kámẹ́rà mọ́ igi kan lẹ́yìn oko ápù mi, irú èyí tó ń ya ẹranko tó bá kọjá, tó sì ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Àgbọ̀nrín ńlá kan ló ń yà. Ó sọ ọ́ ní Séńítọ̀. Bí a bá ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn, fóònù á ti wà lábẹ́ imú ẹni.

"Ìyàwó wa, wo ìwo! Wo ọrùn! Mo ti wá àyè sílẹ̀ lára ògiri tí màá gbé orí ẹ̀ kọ́ sí."

"Ṣé Séńítọ̀ ti gbọ́?"

"Kí ló fẹ́ fi gbígbọ́ ṣe? Mo mọ ìgbà tó ń jẹun ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ."

Ohun tí Reino kò mọ̀ ni ibi tí Séńítọ̀ ti ń jẹun náà. Abẹ́ igi ápù tí Urho gbìn lọ́dún tí a ṣègbéyàwó ni. Lẹ́yìn ìsìnkú Urho, nígbà tí gbogbo yín ti wá kó abọ́ tí ẹ fi gbé oúnjẹ wá lọ tán, ẹranko yẹn nìkan ni kò dẹ́kun àtimáa wá. Màá dúró lójú fèrèsé, òun á gbórí sókè wò mí, á sì máa jẹun rẹ̀ lọ. Kò bi mí rí pé ṣé mo ti ń sùn dáadáa.

Bátìrì wẹ́wẹ́ inú kámẹ́rà kì í pẹ́ kú nínú òtútù, Reino kì í sì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn àtimáa rin inú yìnyín. Ló bá ra bátìrì ńlá, ó gbé e sínú àpótí irin tí wọ́n ń kó ọta sí, ó gbé e sí ìdí igi, ó fa wáyà lọ sí kámẹ́rà. Ó wá gbé sólà kọ́ sí ẹ̀yìn igi náà, kó lè kọjú sí gúúsù níbi tí oòrùn wa ń gbà kọjá. "Ó parí," ló wí, "títí Jésù á fi dé ni yóò máa ya fọ́tò."

Jésù kò tíì dé nígbà tí mo dé. Ẹ̀yìn ni mo gbà, níbi tí kámẹ́rà kò lè rí mi. Mo fi ọwọ́ ráákì tí mo fi ń wọ́ ewé jọ ti sólà náà títí tó fi kẹ̀yìn sí oòrùn, tó wá ń wo ara igi bí ọmọ tí tíṣà ní kó dojú kọ ògiri. Kí àsìkò ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀, bátìrì ti kú fin-ín-fin-ín.

Reino kì í wọ igbó kó má kọ́kọ́ tẹ̀ mí láago pé kí n gbé kọfí kaná. Bí fóònù bá ti dún, màá sáré lọ dá sólà padà sípò. Ó mu kọfí tán, ó lọ wò ó, ó rí i pé ojú oòrùn ló wà. Ó bú ìkùukùu. Ó bú ẹni tó ta bátìrì fún un. Bó bá ti lọ, màá tún yí i padà. Lọ́dún kejì ó ra sólà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn sì dára gan-an, nítorí ó rọrùn fún ráákì mi láti tì. Ohun tí fóònù kò bá ti fi hàn Reino, kò sí láyé nìyẹn. Ó ní Séńítọ̀ ti kó lọ, ó sì lọ ń jókòó sétí odò, ó ń dọdẹ atẹ́gùn.

Ó wá ku ibi tó burú. Onni gba ẹ̀yìn oko mi kọjá, ó rí ohun tó rí. Ní àgọ́ ọdẹ, níbi tí mo ti ń bu páì ẹran fún wọn, ó ní, "Reino, sólà ẹ ń wo igi o."

"Irọ́! Kí ni sólà ń wá lára igi?"

Lọ́jọ́ kejì Reino lọ wò ó. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ mí láago, dájúdájú. Ó rí sólà tó ń wo oòrùn. Ó padà dé, ó ń pariwo: "Onni fúnra ẹ̀ ló ń yí i! Àbí báwo ló ṣe mọ̀?"

Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tí kò bà á, a ó gé ìdí ẹ̀wù rẹ̀, a ó kàn án mọ́ ògiri àgọ́ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, a ó máa fi í rẹ́rìn-ín títí ayé. Ti Onni ló pọ̀ jù lára ògiri yẹn. Wọ́n já gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, wọ́n kó o sínú àpò ọ̀rá, wọ́n gbé e fún un pé kó máa lọ. Ó yíjú sí mi. "Àǹtí Lempi, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí."

Mo bi í bóyá kí n bá a di páì tirẹ̀ kó máa mú un lọ.

Ọlọ́run gbọ́ mi, ohun tí mo sọ nìyẹn. Ráákì yẹn kò wúwo lọ́wọ́ mi rí, ṣùgbọ́n páì yẹn ṣì ń wúwo láyà mi.

Séńítọ̀ kò wá lọ́dún yìí. Ogbó ló pa á, kì í ṣe Reino, n kò sì ní ẹni tí mo ń dáàbò bò mọ́. Lánàá, tí gbogbo ọdẹ péjọ sí àgọ́ ní ọ̀sán fún ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, mo wọ ẹ̀wù ọdẹ pupa Urho, mo mú Onni lọ́wọ́, a wọlé. Mo tú àpò ìdọ̀họ kan sórí tábìlì. Ìwo Séńítọ̀ ni, nítorí ìwo àgbọ̀nrín máa ń já, òmíràn á sì hù lọ́dọọdún: àwọn tó ń já sílẹ̀ lábẹ́ igi ápù ní gbogbo ìgbà òtútù, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Mo sì sọ ohun gbogbo.

Reino gbé ìwo kan sókè. "Ìyàwó wa. Gbogbo ìgbà tí mo ń mu kọfí ẹ?"

"Gbogbo ìgbà tí o ń mu kọfí mi."

Ó wo ìwo, ó wo Onni. Ó dìde, ó mú òòlù, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìrépé ẹ̀wù Onni padà mọ́ ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Onni, má bínú," ló ń sọ láàárín ìṣó.

Onni fa ọ̀bẹ yọ. "Àǹtí, ẹ kẹ̀yìn sí mi."

Mo kẹ̀yìn sí i. Ó gé ìdí ẹ̀wù Urho lára mi, wọ́n kàn án sókè ju ti gbogbo wọn lọ, pẹ̀lú orúkọ mi. Obìnrin àkọ́kọ́ lára ògiri yẹn nìyẹn, láìyin ọta kan ṣoṣo. Ariwo tí wọ́n pa mú kí yìnyín orí òrùlé já wálẹ̀.

Onni, mo tún bẹ̀ ọ́ níbí, kí gbogbo ayé lè kà á: forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń so kámẹ́rà mọ́ igi, bí aládùúgbò yín bá ní sólà yín kọjú síbi tí kò dáa, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ lọ wò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì kọ́kọ́ tẹ ẹnikẹ́ni láago pé kó gbé kọfí kaná.