Oríire Tí Mo Fi Ba Ti Rájí Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ wá bẹ̀ mí níṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ní nǹkan bí ọdún 1990, àwa akọ̀ròyìn máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan lẹ́bàá Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin. Pátákó kan wà lára ògiri rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la ń lẹ̀ mọ́ ọn: ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Èèyàn á kà á, á sì máa lọ.

Èmi ni mo dábàá pé ká fi ìkíni kún un. Láìpẹ́, fọ́tò ìkómọ, ìgbéyàwó àti wòlímọ̀ ọmọ kéú kún ibẹ̀. Ayé dùn nígbà náà. Ẹni tí kò wáṣẹ́ pàápàá á yà, a ó ra wàrà jẹ, a ó máa fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀. Onífọ́tò ní, “Ṣé iṣẹ́ lẹ wá wá, àbí ẹ wá wo ìyàwó oníyàwó?”

Rájí ọ̀rẹ́ mi mọṣẹ́ jù mí lọ. Ó sọ fún mi pé olóòtú ìwé ìròyìn kan fẹ́ gba òun síṣẹ́. Ìlara mú mi. Mo lẹ páálí kan mọ́ pátákó láìfi orúkọ sí i: “Ẹ bá Rájí yọ̀, ó ti ríṣẹ́ sí Kàdúná.” Irọ́ ni.

Rájí rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹnì kan ló fi ń ṣàdúrà fún òun. Ẹ sì mọ̀ wá ní Ìlọrin, a kì í kọ oríire tí wọ́n bá kí wa. Nígbà tí olóòtú náà yà síbẹ̀, ó ka páálí, ó ní, “Rájí, o kú oríire Kàdúná.”

Rájí dọ̀bálẹ̀. “Àmín o, Àlàájì. Ẹ̀yin náà á ríre.”

Mo wà níbẹ̀. Olóòtú gbà pé òótọ́ ni. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n wá rí òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Iṣẹ́ yẹn ló sọ mí dèèyàn. Rájí wáṣẹ́ tì, ó padà sóko bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò bá mi bínú rí. Ó ní bóyá èmi ló yẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ọ́fíìsì mi, pé kó wá kọ́ṣẹ́ ìròyìn. Ó ní, “Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́. O ò ní jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.”

Mo ti gbà á. Bí mo bá jẹ́wọ́, bàbá rẹ̀ lè mú un lọ, kí iṣẹ́ yìí tún bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí mi. Bí mo bá dákẹ́, àràárọ̀ ni ọmọ náà ń kúnlẹ̀ kí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, kí ni kí n ṣe? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, bàbá ni tàbí ọmọ?