Ìrìn-Àjò Táílándì Tí Ìyá Mi Ò Gbọ́

Alága wa, Bàbá Màmúdù, mo kúnlẹ̀ kí yín. Alhájì Yínúsà, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ìwé yìí, tí ẹ gbà mí síṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé tapólínì la fi bo kíláàsì, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ ti Mowé wá, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń yọjú lójú fèrèsé dípò kí ẹ wà lórí ìjókòó yín, gbogbo yín ni mo kí. Màmá mi tí ẹ ti Ifọ̀ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi dàrú. Ọ̀rọ̀ tí mo múra sílẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ yìí. Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ bí alága ṣe ń ṣí ètò? Wọ́n ní, "A pé jọ láti sin Anti Kòfó wa sọ́nà Táílándì." Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n yíjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n, wọ́n ní, "Ta ló ń lọ?" Ìyá tó bí mi nìyẹn. Ibí yìí ni wọ́n ti ń gbọ́, lórí àga ike, pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́, bí àlejò tó yà wòran.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń lọ sókè òkun kì í sọ. Fọ́tò rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú lẹ máa kọ́kọ́ rí. Nígbà tí ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í là, àwọn ìyá ìjọ tó ń bá mi gbàdúrà sí i ní, "Kòfó, pa ẹnu mọ́ o, ayé le." Mo pa ẹnu mọ́. Alhájì ní láti gbọ́, torí iṣẹ́ wọn ni mo ń fi sílẹ̀. Màmá ńkọ́? Mo ní bí wọ́n bá gbọ́ lónìí, gbogbo ìsọ̀ tó yí wọn ká lọ́jà Ifọ̀ á gbọ́ lọ́la. Mo ní màá sọ fún wọn láàárọ̀ yìí kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ wọn ò wá tètè dé. Kí ni kí n ti wí?

Alhájì ní kí n gba ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ nímọ̀ràn, kí ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ rò kí ẹ tó lọ máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun. Ó dáa. Zubair tó kọ́ àwọn ọmọ wa ní físíìsì rí, tó ti wà ní Táílándì báyìí, ló là mí lọ́yẹ̀. Ẹ bèèrè irú físà tí ilé-ìwé tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ fẹ́ gbà fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi físà ìbẹ̀wò wọlé, pé àwọn á tún un ṣe tí ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó sí Ìbafo tí a wà yìí. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀, kó máà jẹ́ ọ̀gá nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá yín tọ́jú pásípọ́ọ̀tù yín, ẹ fura sí i. Anti Fàrídà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìbéèrè í bi ju lọ́yà lọ, ẹ ní èdè mélòó ni wọ́n fi kọ àdéhùn mi. Mo ní méjì. Ẹ tún ní, "Èwo nínú méjèèjì ni adájọ́ wọn máa kà?" Ẹ ò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ mọ́ láti ọjọ́ yẹn!

Ẹ rò nípa iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Èmi tí mò ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò wáẹ̀kì, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo fẹ́ lọ kọ́. Nígbà tí wọ́n ń dán mi wò lórí fídíò, wọ́n ní kí n jó, kí n máa fò bí ọ̀bọ. Mo fò. Alhájì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ebi ìrìn-àjò ló ń pa mí. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Mo ro gbogbo ìyẹn. Mo ro ti oúnjẹ, mo ro ohun tí màá ṣe bí ara mi ò bá yá níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ Delight ọmọ mi, mo kàn ní, "Á lọ máa gbé lọ́dọ̀ Màmá ní Ifọ̀." Ó parí. Mo ti bá ilé-ìwé kan sọ̀rọ̀ nítòsí ibẹ̀. Mo bá Zubair sọ̀rọ̀, mo bá àwọn ará Táílándì tí mi ò rí rí sọ̀rọ̀. Ẹni tó máa wẹ ọmọ, tó máa dìde bí ibà bá mú un, mi ò bi Màmá pé, "Ṣé ẹ lè ṣe é?" Irú èèyàn wo lèmi yìí?

Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ ná. Alhájì, mọ́tò yín lẹ fi gbé mi lọ sílé ìwòsàn nígbà tí mò ń rọbí Delight. Anti Fàrídà, ẹ gba kíláàsì mi ṣe nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn, ẹ ò sì fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Gbogbo ẹni tí mo ti jágbe mọ́ ní yàrá olùkọ́, ẹ foríjì mí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn ọmọ yín fún yín, títì márosẹ̀ yìí ò ní gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ wa. Ilé-ìwé yìí á máa gbòòrò.

Kí lẹ sọ, Màmá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ kí n gbọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Kòfó, ṣé èmi náà wà lára ayé tí wọ́n ní ó le yẹn ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀bi mi ni. Mi ò mọ̀ bóyá ìdágbére ni mò ń ṣe, mi ò sì mọ̀ bóyá àpótí mi tó wà nílé á kúrò níbẹ̀. Màmá, ẹ má wo páńkẹ́rẹ́ tí mo máa ń mú, ẹ má wo àtẹ́wọ́ àwọn èèyàn yìí. Ìbéèrè tí mi ò bi yín ni mo ń bi yín báyìí: ṣé ẹ lè bá mi tọ́jú Delight? Bí ẹ bá ní rárá, rárá náà ni.

Alága, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ bá mi gba máìkì yìí, ẹ gbé e fún ìyá mi.