Fìlà Tí Mo Rí Lórí Ẹní ní Ọ̀run Àpáàdì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, nítorí bí mo bá jókòó, ẹnu mi á wúwo. Èmi Sènámì, tí ẹ mọ̀ ní ilé àgbẹ̀bí ìjọ wa, ni Ẹ̀mí gbé lọ lánàá. Mo ti gba àwẹ̀, mo gbàdúrà ọ̀sán tán, mo sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi tí a fi ń wẹ ọmọ.

Ohun tí mo gbé síwájú Ọlọ́run, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ìyá Àgbẹ̀bí tó kọ́ mi níṣẹ́ sùn nínú Olúwa, Bàbá Alàgbà wa, tí mò ń pè ní bàbá nítorí àwọn ló gbà mí sílé nígbà tí mo ti ilẹ̀ Ègùn wá, gbé ipò náà fún Ìyá Ṣẹ̀yẹ, àbúrò ìyàwó wọn, tí kò tí ì gbẹ̀bí ẹnikẹ́ni rí. Mo lọ kúnlẹ̀ bá wọn. Wọ́n ní, "Sènámì, ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ Ègùn ni ọ́. Ìlú ò ní gbà." Ó dùn mí dé egungun. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Bí oorun ṣe gbé mi lọ, obìnrin kan dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, omi sì ń kán láti ìgúnpá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí tán. Ó ní, "Dìde, wá wo ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń gbé e lọ."

Ibi tí a kọ́kọ́ wọ̀ gbóná. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí wọ́n ń jẹ ahọ́n ara wọn. Mo rí àwọn alágbèrè tí a so mọ́ra pọ̀, tí wọn kò sì fẹ́ rí ojú ara wọn mọ́. A kò dúró lọ́dọ̀ wọn. Ó mú mi dé pápá kan, igbe ibẹ̀ sì burú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń sáré bọ̀ láti orí òkè, kò ní bíréèkì, ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ kò mọ ọkọ̀ wà, ó ń ké, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ké, "Yà á! Yà á!", ó yà á síbi tí kò yẹ, ọkọ̀ dojú dé, egungun ń fọ́, mo di ojú, mo là á, ọkọ̀ náà tún ti wà lórí òkè, gbogbo wọn tún ti jókòó sínú rẹ̀, ó tún ń bọ̀! Òyìnbó kan wà láàrin wọn tó pọ́n bí ata. Èmi tí mo rò pé wọ́n á ní ọ̀run àpáàdì tiwọn lọ́tọ̀!

Mo ní, "Ìyá mi, kí ni wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Ọ̀gá iṣẹ́ ni wọ́n láyé. Àwọn kan gbé iṣẹ́ fún ẹbí wọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Òyìnbó yẹn ní adúláwọ̀ kò lè ṣe olórí nídìí ẹ̀rọ òun, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Òfin ibí ni pé irú ẹni tí o yàn fún ẹlòmíràn ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún ọ."

Lẹ́bàá ibẹ̀ ni mo ti rí ẹní titun kan. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Fìlà funfun kan wà níbi ìrọ̀rí, òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run yí etí rẹ̀ ká. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ojú rírán rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rán fìlà náà. Obìnrin náà ní, "Ẹni tó ni ín ṣì wà láyé," ó sì fà mí lọ.

Ibi tí a dé lẹ́yìn náà tutù, ó ń ta sánsán bí ara ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ìyá Àgbẹ̀bí wa jókòó lábẹ́ igi, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n láyé ti san. Wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ kan lé itan. Mo mọ ọmọ náà. Ọmọ Ìyábọ̀ ni, Ìyábọ̀ tó ń sunkún lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ rántí pé ọwọ́ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ, Ìyá Ṣẹ̀yẹ sì ní kó máa tì í síta. Kí wọ́n tó wá mi rí, kí n tó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Sènámì, ta lo fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún? Mo ti kọ́ ọ tán. Mo sọ fún Alàgbà kí n tó kú pé ìwọ ni, ó sì ní òun gbọ́."

Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ló jí mi. Ìyàwó Bàbá Alàgbà ni. Wọ́n rọra wọlé, wọ́n ní, "Sènámì, Bàbá ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bí Bùnmi ọmọ wa bá ti ń rọbí, ilé wa ni kí o wá. Wọn ò fẹ́ kí àbúrò mi fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù ju ọkọ̀ yẹn lọ. Wọ́n mọ̀! Láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n mọ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Ti ọmọ tiwọn ló dé, Ègùn ò burú mọ́.

Bàbá, ẹ má bojú wolẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe yín ń sọ, kì í ṣe ẹ̀mí. Màá gbẹ̀bí Bùnmi, torí Bùnmi kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n àwọn aboyún tó jókòó lápá ibí yìí, tí bàbá wọn kì í ṣe alàgbà, ta ni ẹ ó rán ìyàwó yín lọ pè fún wọn? Ẹ tún un ṣe kí a tó ka oore-ọ̀fẹ́ lónìí. Fìlà náà wà lórí yín báyìí, gbogbo wa ń wò ó. Ẹní náà ṣì ṣófo.