Èmi Ni Mo Tú Wáyà Waliyah

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa so yìgì lónìí, ẹ fún mi láyè kí n sọ òótọ́ kan. Inú mi dùn débi pé mi ò lè gbé irọ́ wọ ilé tuntun. Ìyàwó mi ti gbọ́. Ẹ̀yin ló kù.

Ẹ mọ̀ pé èmi Mubashir ni mò ń bójú tó ọgbà tí a ti ń tọ́ ọmọ ẹja àrọ̀ níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú ló rán Waliyah wá láti so ẹ̀rọ tó ń darí omi gbígbóná wa. Ó fi wáyà kan hàn mí. "Iná tín-ín-rín ló ń gba ibí lọ. Bí omi bá ṣe ń tutù ni ẹ̀rọ ń fi kún un, fáàfù tó ń tú omi gbígbóná sílẹ̀ á sì máa ṣí sí i díẹ̀díẹ̀. Bí iná náà ò bá dé ibẹ̀, fáàfù á pa dé." Mò ń mi orí, ojú rẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tó lọ, ọgbà dá páropáro. Ojo mi ò jẹ́ kí n pè é. Mo tú wáyà náà, mo ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó padà wá, a jọ jẹ ẹja díndín, a rẹ́rìn-ín. Ó dè é, ó lọ, mo tún tú u. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Lọ́jọ́ tí mo tú u kẹ́yìn, òjò ò jẹ́ kó tètè dé. Omi tutù, ọmọ ẹja kú bẹẹrẹ. Ọ̀gá rẹ̀, Alàgbà Ọláògún, bá a wá. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó de wáyà yìí dáadáa?" Ibi tí mo ti burú jù nìyí: mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Waliyah ní, "Mo dè é, sà." Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìtamaga. Mò ń lọ kí i títí ìfẹ́ fi wọ̀ ọ́. Nígbà tó gbà láti fẹ́ mi, mo jẹ́wọ́. Ó wá ní, "Látìgbà yẹn ni mi ò ti fọkàn tán ọwọ́ ara mi mọ́. Ẹ lọ sọ fún Alàgbà. Bí ẹ bá sọ ọ́, mò ń dúró dè yín."

Mo lọ. Wọ́n bú mi, ó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ bẹ Waliyah kó padà. Ó ní òun ò padà, àmọ́ kí wọ́n máa gbé iṣẹ́ wá fún òun. Àwọn ló jókòó síwájú yẹn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, bí ẹnì kan bá wù yín, ẹ là á mọ́lẹ̀ fún un. Ẹ má ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ nítorí kí ẹ lè rójú rẹ̀. Waliyah ní ó tó, kí n jókòó. Mo ti jókòó.