Òbúkọ Bàbá Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ wa. Mo rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, bàbá ìyàwó mi sunkún níwájú mi, mi ò sì lè dá ọ̀rọ̀ náà gbé mọ́. Ẹ má béèrè orúkọ mi. Àwọn orúkọ tí ẹ óò rí nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ìwé ìròyìn yìí, mo ti pa wọ́n dà.

Olè ni mí tẹ́lẹ̀ rí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ilé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀ nílùú wa, àwa mẹ́ta kan wà tí a kì í ṣiṣẹ́. Gbàdàmọ́sí ni ọ̀gá wa. Kò lágbára, kò sì lè sáré, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ibi tó ti rí ẹ̀wù kakí mẹ́ta, mi ò bi í. A wọ̀ ọ́, a di akódà, ìránṣẹ́ Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, a ń lọ láti abúlé dé abúlé. Gbàdàmọ́sí á dúró ṣánṣán, á ní òyìnbó fẹ́ wo eyín gbogbo ewúrẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí, kí wọ́n kó wọn wá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́. Wọ́n ti rí òyìnbó tó ń fa ẹ̀wọ̀n irin káàkiri inú igbó, tó ní òun ń wọn ilẹ̀. Ẹni tó ń wọn igbó, kí ló kù tí kò lè wò?

Nítòsí odò Ọbà, a dé abà bàbá kan. Òbúkọ rẹ̀ tóbi débi pé díẹ̀ ló kù kí n kí i. Bàbá náà dọ̀bálẹ̀ fún wa, àwa tó lè bí lọ́mọ. Ó fa òbúkọ lé wa lọ́wọ́, ó fi apẹ̀rẹ̀ iṣu kan kún un, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí òyìnbó. Ẹ ní mo ní ó kú iṣẹ́ o.” Òun fúnra rẹ̀ ló ru iṣu náà dé ojú ọ̀nà.

A jẹ òbúkọ náà. Mi ò ní purọ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n bí bàbá yẹn ṣe ń juwọ́ sí wa kò kúrò lọ́kàn mi. Mo sọ fún Gbàdàmọ́sí pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti jẹ nínú òbúkọ kì í lọ. Ó ní tí mo bá gbìyànjú rẹ̀, òun á fà mí lé akódà gidi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo dúró.

Àṣejù ló ba tiwa jẹ́. Gbàdàmọ́sí kó wa lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, ní ojú ààfin gan-an. Ibẹ̀ ni akódà tòótọ́ ti bá wa. Ó bi Gbàdàmọ́sí pé òyìnbó wo ló rán wa.

Gbàdàmọ́sí ní, “Èyí tó pupa.”

Akódà ní, “Àwọn yòókù ńkọ́, ṣé dúdú ni wọ́n?”

Mi ò dúró gbọ́ èsì. Mo sá wọ àárín àwọn tó ń ta ìkòkò, mo bọ́ kakí sínú ọ̀kan, mo sì gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan. Wọ́n mú àwọn méjì yòókù lọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ fún káfíńtà kan nítòsí Ọjà Igbó pé ọmọ òrukàn ni mí, mo ń wá iṣẹ́ kọ́. Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mi kọ́ mi dáadáa. Mo ń kan àga, mo ń kan ilẹ̀kùn. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Mo sì rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń ta ọṣẹ dúdú. Èmi tí mi ò ní ju aṣọ méjì lọ wá ń ra ọṣẹ lójoojúmọ́. Òun náà mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ ni mo fẹ́ fọ̀.

Ọjọ́ tí èmi àti ọ̀gá mi lọ tọrọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ jáde láti yàrá. Bàbá olóbùúkọ ni. Ó ti fi abà sílẹ̀, ó ti padà wá sílé. Ó wò mí títí, ó ní ojú mi jọ ojú ẹni tóun mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì kọ̀, mi ò gbójú sókè. Ọ̀gá mi ní ẹ ò rí i bí ọmọ náà ṣe lẹ́kọ̀ọ́ tó.

Bí a ṣe jókòó tán ni bàbá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ìgbà kan, àwọn ọlọ́ṣà mẹ́ta tó ga bí igi àgbọn ká òun mọ́ abà. Ó ní òun fi ọmọ odó lé wọn. Ó ní òun ṣẹ́ apá ọ̀kan, èkejì sì ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ òun. Gbogbo ilé ń kan sáárá sí i. Mo wo apá mi méjèèjì. Èmi náà ní, “Ẹ kú ewu, bàbá.”

Láti ìgbà náà, kò sí ìkómọ tàbí ìsìnkú tí kò ti sọ ọ́. Àwọn ọlọ́ṣà náà ń ga sí i, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, àwa mẹ́ta di méje, a sì ní ìbọn. Kò mẹ́nu ba òbúkọ rí.

Láìpẹ́ yìí, olè bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní àdúgbò wa. Àwọn àgbà pàdé, wọ́n ní ta ló tún yẹ ká fi ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ bí kò ṣe akọni tó lé ọlọ́ṣà méje. Wọ́n gbé kùmọ̀ fún bàbá ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan. Ó jókòó lórí pákó, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Ọkọ Àbẹ̀kẹ́, irọ́ ni mo ń pa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ọmọdé, mo fa òbúkọ mi fún wọn, mo tún ru iṣu tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mo gbọ́ pé olè ni wọ́n, mi ò lè wo ìyá Àbẹ̀kẹ́ lójú. Ni mo bá ń fẹnu ja ìjà tí mi ò fọwọ́ jà.” Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní bí olè bá dé lóòótọ́, ibo lòun fẹ́ sá gbà?

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, “Bàbá, kò sẹ́ni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí.” Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ká ní òun bí ọkùnrin, kò ní sàn jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ọ̀bẹ lọ.

Mo lọ bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí bàbá sinmi, kó kàn máa gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn. Wọ́n gbà. Wọ́n wá ní kí ọkọ ọmọ rẹ̀ gba kùmọ̀ náà. Èmi ni olórí ẹ̀ṣọ́ báyìí. Wọ́n ń yìn mí pé mo mọ gbogbo ibi tí olè lè gbà wọlé, bí ẹni pé wọ́n fi hàn mí lójú àlá.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á pè mí lólè, ìyẹn sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí bí ìjà náà ṣe lọ, ojú á sì tún ti bàbá lẹ́ẹ̀kejì nítorí mi. Tí mo bá dákẹ́, á máa pè mí lọ́mọ, mi ò sì ní lè sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ rẹ̀. Mò ń rọra kọ́ ọ gan-an ni, ṣùgbọ́n orí bàbá náà pé, kò ní pẹ́ tí yóò fi lè ka ìwé ìròyìn.